Àgbà tí ó yá ẹ̀wù ọmọdé

Àwọn baba wa, tí wọn kì í la ẹnu lásán, ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ayé tiwọn, ọmọdé nìkan ni ó máa ń gbàgbé ara rẹ̀ débi tí a ó fi pa irú òwe yìí fún un. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbà tí àkísà rẹ̀ kún àjà yóò jí ní kùtùkùtù, tí yóò kan ilẹ̀kùn ọmọdé, tí yóò ní kí ó dákun yá òun ní ẹ̀wù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ ọmọdé tí ó láṣọ bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a wà ní agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n kì í ṣe àjèjì sí ìròyìn Kódífúà, nítorí pé àwọn ará Èjìgbò tí í ṣe aládùúgbò wa ti sọ Àbíjàn di ẹ̀yìnkùlé wọn, débi pé ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí ibẹ̀, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún sì ń fi èdè Faransé ná ọjà nígbà tí wọ́n bá wálé. Ní ilẹ̀ yẹn ni Yamoussoukro wà, ìlú kékeré tí í ṣe ilé baba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny, tí ó sì sọ di olú-ìlú ní ọdún 1983. Nígbà tí òpópónà gbọọrọ àti adágún odò tí ó kó ọ̀nì sí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó ní àfi kí ìlú òun ní ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò dà bí ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1506, wọn kò sì yà á sí mímọ́ títí di 1626. Póòpù ń kú, òmíràn ń jẹ, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé kan ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òmíràn. Yamoussoukro bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ó parí ní 1989. Òkúta mábù ti Ítálì wá, dígí aláràbarà ti ilẹ̀ Faransé wá, ìjókòó inú rẹ̀ gba 7,000 ènìyàn, gbogbo rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò tí owó kòkó, tí í ṣe oúnjẹ orílẹ̀-èdè náà, ń já wálẹ̀ lọ́jà. Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán Ààrẹ fúnra rẹ̀ sára dígí, ní ẹ̀bá Jésù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti gíga rẹ̀. Wọ́n ní òrùlé rìbìtì ilé náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti Róòmù, nítorí pé ọmọ kì í ga ju baba; ṣùgbọ́n àgbélébùú tí wọ́n gbé lé e lórí ni ó sọ gbogbo rẹ̀ di mítà 158, nígbà tí ti Róòmù kò pé 140. Irú ìdọ̀bálẹ̀ báyìí, tí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ń ga ju ẹni tí ó dúró lọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Póòpù John Paul Kejì gbà láti wá yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ó sì béèrè pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún 2015 ni ilé ìwòsàn náà ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ìyẹn. Aṣọ ni yóò máa wù ú. Àgbà ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Ní ọdún 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì ṣí aṣọ lójú ère Mọremí ní Ilé-Ifẹ̀, ère tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Ère náà yẹ, ó tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n òkèèrè ni a wò kí a tó sọ èyí: Ère Òmìnira ni wọ́n pè é, orúkọ obìnrin oníbàbà tí àwọn Faransé fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, tí ó ti dúró sí etí omi New York láti 1886. Kí káàbíyèsí má ṣe bínú, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn obìnrin méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Bartholdi, agbẹ́re ọmọ Faransé. Kò bímọ, kò lọ sí ìgbèkùn, ògùṣọ̀ tí ó sì gbé sókè láti ọjọ́ yìí wá kò jó ẹnìkan rí. Èkejì jẹ́ kí àwọn Ùgbò mú òun lẹ́rú, ó di olorì ní ilé ọ̀tá, ó mú àṣírí wọn bọ̀ wálé, ògùṣọ̀ tirẹ̀ ni ó sì jó ìko lára àwọn tí ń fi ara wọn ṣe ará ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni ó fi Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, san ẹ̀jẹ́ fún odò Esìnmìrìn. Ta ni ó yẹ kí ó yá ta ni ní orúkọ?

Àwa náà ńkọ́? Ìlobùú ni orírun Erinlẹ̀, ọdẹ tí ìtàn sọ pé ó mú Olóbùú àkọ́kọ́ dé ibùdó, tí ó sì di odò. Ní Kúbà, Inle ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń bọ ọ́ dòní. Ìfọ́n ni ilé Òrìṣà Olúfọ́n, Ọba aláṣọ funfun, tí ó rìnrìn àjò lọ kí Ṣàngó, tí wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Ọ̀yọ́. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ọdọọdún ni àwọn ọmọ òrìṣà ń wọ aṣọ àlà, tí wọ́n ń ru omi kí ilẹ̀ tó mọ́, láti wẹ ìyà ìrìn àjò yẹn kúrò lára rẹ̀. Àkísà wa ni àwọn ará òkè òkun ń rán bí aṣọ ọdún. Àwa onílé ńkọ́? Ààlà ilẹ̀ tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì ni à ń jà sí, débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé lé wa lórí rí.

Nítorí náà, bí ọmọ wa kan bá ti òkè òkun dé lọ́la, tí ó ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀dà ilé-ìṣọ́ Eiffel ti Paris sí ààrin ìlú méjèèjì, mo mọ bí ìpàdé náà yóò ti rí. A ó kọ́kọ́ béèrè pé ilẹ̀ ta ni. Àwọn àgbà yóò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ilé-ìṣọ́ náà ní, kí méjì dúró sí Ìlobùú, kí méjì dúró sí Ìfọ́n. Ìjà yóò wá kù sórí ìlú tí yóò ni góńgó orí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, kí ó má baà di ogun, a ó fẹnu kò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì dọ́gba régí. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni ìlú méjèèjì, láìsọ fún ara wọn, yóò bẹ awakọ̀ Èjìgbò pé bí ó bá dé Kódífúà, kí ó bá àwọn béèrè iye tí wọ́n ń ta àgbélébùú ńlá.