Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọn ò tíì rí ẹ́ńjìnì onípístìn mẹ́fà nígbà tí wọ́n pa á lówe, àmọ́ àfi bí ẹni pé ọkọ̀ asáré tó ti gbó ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú Nissan 300ZX onítọ́bò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1990 sí 1996: pístìn mẹ́fà, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 300. Èéfín gbígbóná tí ìbá gba sàlẹ́ńsà jáde lásán ni tọ́bò ń gbà, tó fi ń yí fáànù kékeré kan, tí fáànù kejì tó wà lórí irin kan náà sì ń fi túláàsì ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì, kí pístìn mẹ́fà lè ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ. Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ọgbọ́n yìí ní 1905. Kò sí ẹ̀tàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń tà á ni ẹ̀tàn ń wọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀fà nìkan ni wọ́n ń kà sétí oníbàárà.

Ní Adum, láàárín Kumasi ní Gánà, níbi tí trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, àti àwọn tó gbé ọjà rù ti há títì mọ́ ara wọn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ráyè sáré. Bíbú ló ń bú. Ẹni tó fẹ́ tà á á ní iṣẹ́ díẹ̀ ló kù lára rẹ̀. Ó ti yọ tọ́bò tó bá a wá, ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Ó ti gé sàlẹ́ńsà. Ó ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ débi pé gọ́tà kékeré ti di odò fún un. Ó wá ro iye tó fi rà á mọ́ iye tó fi bà á jẹ́, ó pe àròpọ̀ rẹ̀ ní owó ọjà. Àwọn tó ń ta aṣọ òkìríkà, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní obroni wawu, aṣọ òyìnbó tó ti kú, ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí o na aṣọ sójú oòrùn, kí o ka bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fowó kún ẹ̀wù nítorí pé òkú òyìnbó náà ti gé apá rẹ̀ dànù. Ọkọ̀ náà ṣeé nà sójú oòrùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ tú róbà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú tọ́bò, ẹ fi ìka méjì di irin àárín fáànù mú, ẹ mì í. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó lè má tíì burú. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí fáànù ń ha ara ilé rẹ̀, a ti kọjá èje nìyẹn.

Àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ yìí á ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn fítà ní Kumasi, ò jìnnà, kò sì sí ohun tí àwọn fítà ibẹ̀ ò lè tún ṣe. Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Kumasi ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wọn láti 1980, nígbà tó sì di nǹkan bí 2013, àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ará Netherlands méjì kan odindi ọkọ̀ kan fúnra wọn. (Turtle 1 ni wọ́n sọ ọ́. Ìjàpá! Wọ́n mọ títì ìlú wọn.) Ṣùgbọ́n tọ́bò tó ń sáré gidi ń yípo ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì jókòó lé. Òòlù ò mọ ìyẹn ṣe. Fítà tó gbóná jù lọ pàápàá, bí Nissan ṣe ṣe ọkọ̀ ló mọ̀; ohun tí ẹnì kan lọ́ mọ́ ọn lóru, ẹni tó lọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn á ní ó ṣọ̀wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́: láti August 1974 tí Gánà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bíi Skyline GT-R láti Japan, ti di èèwọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá ṣọ̀wọ́n, páàtì rẹ̀ náà á ṣọ̀wọ́n. Àwọn olówó tó ń kó irú rẹ̀ jọ sì wà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú wò ni wọ́n ń náwó lé.

Bí olówó ọkọ̀ bá wá ka gbogbo àrùn rẹ̀ síta, ta ni yóò rà á? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Àwọn tó ń ta páàtì ní Suame ò bẹ̀rù ọkọ̀ tó ń kú lọ. Wọ́n á wo ilẹ̀kùn, wọ́n á wo àga, wọ́n á béèrè bóyá jíà rẹ̀ ṣì ń wọlé, wọ́n á sì dá iye kan tí yóò bí olówó ọkọ̀ nínú. Tọ́bò ńlá tó ń fọ́nnu lé lórí yẹn gan-an, wọ́n lè ní kó tú u, kó máa mú un lọ sílé.