Láàpútọ́ọ̀pù Tí Kò Ní Ọpọlọ

Ẹni tó bá rí Lapdock lórí tábìlì yóò búra pé láàpútọ́ọ̀pù ni. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 11.6 íǹṣì, ó ní kíbọọ̀dù, ó ní bátìrì. Ọpọlọ nìkan ni kò ní. Motorola ṣe é ní 2011 fún fóònù Atrix 4G: ẹ ó ti fóònù bọ ẹ̀yìn rẹ̀, fóònù á sì máa bá a ronú. AT&T, tí ẹ̀ka fóònù rẹ̀ fi Atlanta wa yìí ṣe ibùjókòó, ń tà á ní nǹkan bí 500 dọ́là nígbà náà. Àwọn èèyàn wo owó náà, wọ́n wo láàpútọ́ọ̀pù gidi, wọ́n bá tiwọn lọ. Bó ṣe di ọjà gbàǹjo tó kàn mí nìyẹn.

Mo fẹ́ fi Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì ATM lọ, rọ́pò fóònù. N kò mọ̀ pé ẹnu méjì tó yọ lẹ́yìn Lapdock, ti HDMI kékeré àti ti USB kékeré, akọ ni wọ́n. Akọ lọ́tùn-ún, akọ lósì sì ni wáyà tí mo rà. Mo yí wọn síhìn-ín, mo yí wọn sọ́hùn-ún, mo fẹ́ fipá tì wọ́n.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé akọ méjì lẹ fẹ́ tì bọra yẹn?”

Ìyàwó mi ni. Nọ́ọ̀sì ni, kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ rí.

Mo ra wáyà mìíràn, èyí tó rọjú jù. Ojú Lapdock dúdú kirikiri. Ojú ìsopọ̀ 19 ni HDMI ní. Wáyà olówó pọ́ọ́kú a máa fo díẹ̀ nínú wọn, Lapdock kì í sì í gbà á. Èmi ní ẹ̀rọ ti kú. Mo tú u, mo tún un dì, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ó ṣì wà nínú ife lórí fíríìjì.

Nígbà tí mo rí wáyà gidi, ó tàn! Lapdock ló ń fún Pi níná láti inú bátìrì rẹ̀. Mo gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Decatur, èmi akọ̀wé, Pi nínú ike bọ́tà. Mo tẹ gbogbo ìjà owó aṣọ ẹbí sínú rẹ̀. Wọ́n ní ká dìde fún àdúrà, mo pa ẹ̀rọ dé bí ọmọlúàbí. Tí ẹ bá pa Lapdock dé, ṣe ló ń gé iná USB. Pi kú fin-ín. Àkọsílẹ̀ tí n kò tíì fi pamọ́ bá a lọ.

“Akọ̀wé, ẹ ka iye tá a fẹnu kò sí fún wa.”

Mo tẹjú mọ́ òkùnkùn, mo ka iye kan jáde. Ó kéré jọjọ sí èyí tí wọ́n jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó takò mí.