Ọtí Mọ́tò

Ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá òkè Olósùnta, ẹni tó ń fi ẹmu pọn ògógóró kì í tọ báǹkì lọ. Àgbá, iná igi àti sùúrù ti tó. Ṣùgbọ́n Addax Bioenergy, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Switzerland, ní mọ́tò ni àwọn máa pọnti fún bí epo, láti ara ìrèké, ní Makeni ní Sierra Leone. Àwọn báǹkì ìdàgbàsókè, títí kan ti Áfíríkà, yá wọn lówó. Ọtí jáde ní 2014, ọdún tí Ẹ̀bólà gbalẹ̀. Ní 2015, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀; ní 2016, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Sunbird, ra ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oníbàárà wo tiẹ̀ ni mọ́tò? Kì í yó, kì í jó, kì í sì ra ìgò kejì nítorí ojú ọ̀rẹ́.