Ọ̀gá Dipẹ́ńdáǹtì

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ní Ọ̀tà, òun ni súpáfáísọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀rá lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Bó bá ti yọ lẹ́nu géètì, àwọn kásúà á yáa sọ fóònù sápò. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Sàngó. Owó oṣù obìnrin náà, "owó ata" ni ọ̀gá ń pè é.

Ní 2022, tíṣà gba àyè máàsítàsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ta mọ́tò, ó ta ilẹ̀, ó wá ń sọ káàkiri pé, "Mò ń mú ìyàwó mi lọ sí London." Coventry ni wọ́n ń lọ o, ṣùgbọ́n ta ló mọ Coventry ní Sàngó? Mú ta ni, ná? Ìyàwó ló ni físà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀gá sí: dipẹ́ńdáǹtì.

Òfin ibẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Dipẹ́ńdáǹtì kò ní gbèdéke. Bí ọ̀gá ṣe di òṣìṣẹ́ òru nílé ìkẹ́rùsí nìyẹn, tí ọmọ ọdún méjìlélógún kan sì ń pàṣẹ fún un. Ọmọ náà ń pe orúkọ rẹ̀ gán-an, kò fi "ẹ̀gbọ́n" síwájú. (Èyí dùn ún ju òtútù lọ.) Bó bá délé láàárọ̀, ìyàwó ti ń sáré lọ sí kíláàsì, ọ̀gá tí kò mọ ibi tí ṣíbí ń gbé rí ló ń di irun ọmọ wọn. Irun ọ̀hún rí bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ẹ wá pè é lórí fóònù. Á kọ́kọ́ jáde síta, kí ìyàwó má baà gbọ́. "Mo kàn ní kí ìyá àwọn ọmọ parí ìwé rẹ̀ ni. Èmi ni mò ń darí ibí." Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, sà? "Lójísítíìsì." Páálí ló ń gbé.

Mi ò fi páálí bú u. Páálí yẹn ló ń san owó ilé, ó sì yẹ kó máa fi yangàn. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé nígbà tí ìyàwó ríṣẹ́ gidi nílùú mìíràn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀gá fárígá: "Iṣẹ́ tèmi ńkọ́? Ta ló ń tẹ̀lé ta?" Ìdáhùn wà lórí físà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó kù ní Ọ̀tà, tẹ́ ẹ ń ti ìyàwó yín pé kó tètè wá àyè, ẹ gbọ́: láti January 2024, akẹ́kọ̀ọ́ máàsítàsì kò lè mú ọkọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti ìwádìí tàbí tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó nígbà náà. Ìyàwó nìkan ló máa wọ bàálù.