Ọjọ́ Pé, Oṣù Kò, Olúwa Ò Tíì Dé

Àwọn àgbà ní a kì í dájọ́ kọ́jọ́ má pé, a kì í dóṣù kóṣù má kò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. William Miller, àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ dájọ́ ìpadàbọ̀ Olúwa sí 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844. Ọjọ́ náà pé. Harold Camping, oníwàásù kan, fi pátákó gàgàrà kéde 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ìyẹn náà pé, kódà agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó ní ilẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í mì lù geere. Àwọn baba wa ò parọ́. Ohun tí ọjọ́ náà máa gbé dání nìkan ni wọn ò bá wa dá sí.

Ẹni tó bá ń gbé Rumuibekwe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor ní Port Harcourt, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ayé ti fẹ́ parí, kó fi ìwàásù sílẹ̀, kó lọ bá àwọn onílé. Bàbá tó gbé gbohùngbohùn lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú pé Kérésì ọdún yìí ò ní bá wa láyé, òun náà ló ń bèèrè owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun lọ́jọ́ Ajé, owó éjẹ́ǹtì lọ́tọ̀, owó lọ́yà lọ́tọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé, C of O ọdún 99 ni wọ́n ń sáré gbà sí i. Bí Olúwa bá dé lóṣù tó ń bọ̀, mi ò mọ ẹni tó máa lo ọdún 98 tó ṣẹ́kù, àfi bí àwọn áńgẹ́lì bá fẹ́ háyà rẹ̀.

Níparí ọdún 2016, nǹkan dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ látòkè sórí Port Harcourt. Aṣọ funfun tí a sá sórí okùn ò ṣeé wọ̀ mọ́. Èèyàn nu imú, ó bá èédú níbẹ̀. Kíá làwọn kan ti ṣí ìwé Ìfihàn. Àwọn tó ń dáná epo rọ̀bì nínú igbó, àwọn kpofire, ò ṣí ìwé kankan ní tiwọn, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń tà. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2022 kí Wike, gómìnà Rivers ìgbà náà, tó dìde sí wọn gidi. Bí èéfín bá ti di àmì òpin ayé, ta ni yóò tún bi ìjọba léèrè?

Ẹni tó bá ti ka Mátíù orí 24, ẹsẹ 36, yóò ní Jésù fúnra rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn yìí pa. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ò tán láyé. Edgar Whisenant, tó ti ṣe ẹnjiníà ní NASA rí, wo ẹsẹ náà títí, ó ní ọjọ́ àti wákàtí nìkan ni wọ́n ní a ò lè mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ oṣù, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọdún. Ló bá kọ ìwé tó kó ìdí 88 jọ láti fi hàn pé oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988 ni. Ìwé tà bí ẹni ta búrẹ́dì. Oṣù náà kọjá. Ó tún ìṣirò ṣe, ó ní ọdún 1989 ni. Bí télọ̀ ṣe ń ṣe wá nígbà ọdún nìyẹn: ẹ padà wá lọ́la, ó ku bọ́tìnì. Bẹ́ẹ̀ bínú bá bí ọ, o lè já aṣọ rẹ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Ẹni tó ti ta ilẹ̀ nítorí ìgbàsókè, ọwọ́ ta ni yóò ti já a gbà? (Camping tiẹ̀ ṣe dáadáa díẹ̀. Lẹ́yìn tí ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 2011, ó kọ lẹ́tà lọ́dún 2012 pé ẹ̀ṣẹ̀ lòun dá.)

Nílé wa ńkọ́? Lóṣù Kẹrin ọdún 2022, ìròyìn gbòde láti Òmùò Èkìtì pé pásítọ̀ kan ń gba 310,000 náírà lórí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè bá ìgbàsókè lọ. Owó ọkọ̀ ọ̀run! Ó dùn mí pé mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni bèèrè bóyá àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Whole Bible Believers ní àdúgbò Valentino nílùú Oǹdó, wọ́n kó èèyàn 77 jáde, 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Oṣù Kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ ní Jésù ń bọ̀. Nígbà tí Kẹrin pé, wọ́n sún un sí Kẹsàn-án. Ìyá kan ló lọ fẹjọ́ sùn pé àwọn ọmọ òun ti filé-ìwé sílẹ̀. Ọjọ́ tí WAEC bá sì dá, ìyẹn náà máa ń pé, ìdánwò ló sì máa ń gbé dání.

Ìpínlẹ̀ Rivers fúnra rẹ̀ ti mọ wòlíì tipẹ́. Garrick Braide, ará Bakana nílẹ̀ Kalabari, gbòde kan ní nǹkan bí ọdún 1915. Wọ́n ní òun ni Èlíjà Kejì, Èlíjà tí Málákì ní yóò ṣáájú ọjọ́ Olúwa. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn, nígbà tó yá ó kẹ̀yìn sí i. Braide ní káwọn èèyàn jáwọ́ nínú ọtí. Owó ibodè tí ìjọba òyìnbó ń rí lórí jíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ọdún 1916 ni wọ́n tì í mọ́lé. Tèmi ni mò ń sọ o: wòlíì tó bá dín owó ìjọba kù, ọwọ́ ìjọba máa ń yá sí i. Èyí tó ń dín owó ọmọ ìjọ kù, àfi kí ìyá kan lọ kébòòsí ní tẹ́ṣàn.

Ẹ̀rín tán ní Kanungu, ní Uganda. Àwọn aṣáájú ìjọ kan níbẹ̀ ní 31 oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni ayé máa parí. Ọjọ́ pé, ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ti ta dúkìá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun ìní wọn. Ní 17 oṣù Kẹta ọdún 2000, iná jó ilé ìjọsìn náà mọ́ èèyàn tó lé ní 300 lórí. Ní Shakahola, ní Kenya, lọ́dún 2023, òkú tó lé ní 400 ni wọ́n hú nínú igbó. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ ìjọ kan níbẹ̀ febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù.

Síbẹ̀, nígbà tí Joshua Mhlakela, ọmọ South Africa, ní 23 tàbí 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìgbàsókè, fóònù ò jẹ́ ká sinmi. Ọjọ́ méjèèjì pé. Ó bá sún un sí oṣù Kẹwàá, ó ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló yẹ ká fi kà á. Oṣù Kẹwàá náà kò.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ẹni tó bá tún dájọ́ ní Rumuibekwe, kó mú ìwé ilé rẹ̀ wá. Owó pọ́ọ́kú ni mo fẹ́ fi rà á, torí ẹni tó ń ròkè ọ̀run ò lè ná náírà níbẹ̀. Títí di ọjọ́ tó dá, kó máa gbé inú ilé rẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó lóun máa ṣe ìwé náà, àmọ́ kí n san owó òun kí ọjọ́ tó pé.