Ẹ Ṣí Fìlà Lórí Fẹ́ńdà Yẹn!

Ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ ń gba Marina kọjá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oríire pé fẹ́ńdà yín kò tíì já bọ́ síwájú báńkì. Mo mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ máa ń páàkì mọ́ ògiri tímọ́tímọ́ kí aráyé má baà rí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún ìyàwó pé, "Olólùfẹ́, gba ọ̀dọ̀ mi wọlé," tí obìnrin náà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, tí kò mọ̀ pé bí òun bá ṣí ilẹ̀kùn tòun pẹ́nrẹ́n, fẹ́ńdà á bá a sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì kí yín pé "Èkó ò ní bàjẹ́ o," ẹ ó ti máa pariwo, "Ó bàjẹ́ tì!" Àmín. Èkó ò ní bàjẹ́. Ta ló bá Camry yín ṣàdúrà?

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Omi ló yí Erékùṣù Èkó ká. Marina fúnra rẹ̀, etí ọ̀sà gan-an ni títí di àwọn ọdún 1970 tí wọ́n da yanrìn sómi láti fi la Outer Marina. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò sí láti ti omi òkun padà, ọ̀sà á gba iyọ̀ sára, afẹ́fẹ́ á gbé e wá fi pa mọ́tò yín lára bí ẹni fẹ́ yan ẹja. Irin ò sì nílò ju omi àti afẹ́fẹ́ lọ kó tó dógùn-ún; iyọ̀ kàn ń tì í lẹ́yìn pé kó yára ni. Ẹ wá fi ẹrẹ̀ Ìdúmọ̀tà kún un, èyí tí táyà ń ta sókè, tó ń lọ fara pamọ́ sínú etí fẹ́ńdà níbi tí wọ́n ti ká irin pọ̀. Lóde, ẹ ti fọ mọ́tò, ó ti gbẹ, ẹ ti ń súfèé. Nínú lọ́hùn-ún, ẹrẹ̀ ṣì tutù, ó ń jẹun lọ ní tiẹ̀.

Àwọn baba wa ní Ògún ló ni irin. Bó bá wá ń gba nǹkan ẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ihò kan lónìí, ihò kan lọ́la, ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Ti mọ́tò Tòkunbọ̀ ló tún wá le jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti lo ayé wọn ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Ó jẹ iyọ̀ lọ́hùn-ún, ó tún wá jẹ iyọ̀ níbí. Ká ní èèyàn ni, àwọn dókítà ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Odan ì bá ti dá a dúró, wọn ì bá sì kìlọ̀ fún ìyàwó ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fojú kan Mágì mọ́. Àwa ńkọ́? A so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú, a pe àáfà, a pe pásítọ̀, a sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ ọ̀hún ò sì kéré. Èkó ló sọ Accord ọdún 2003 ní End of Discussion. Ẹ wá wo ọ̀kan nínú wọn lónìí ní Ìtá Fájì: ihò iwájú ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ihò ẹ̀yìn ń gbà á lẹ́nu ẹ̀, bọ́ńpà ń dá sí i láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Àbúrò ẹ̀ tí wọ́n sọ ní Discussion Continues nìkan ló sọ òótọ́ nípa ara ẹ̀.

Nígbà tó bá wá burú tán, a ó gbé e lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Òòlù, pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa ọ̀wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní ọ́fíìsì. Abẹ́ bíríìjì ni yunifásítì ẹ̀, bẹ́ńṣì onígi ni àga oyè, sílípáàsì tí ẹsẹ̀ kan pupa, tí ìkejì jẹ́ búlúù, ni bàtà ààbò. Ẹ wo irin iṣẹ́ ẹ̀: òòlù bíi mẹ́ta, ṣísẹ́ẹ̀lì kan, bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin tó ti ń pá, páìpù omi, àfọ́kù irin rélùwéè kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi í léèrè ibi tó ti rí i (ó ti ní in kí ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò dé Marina ní oṣù kẹsàn-án 2023, ẹ fọkàn balẹ̀), àti ojú. Ojú ẹ̀ ni rúlà. Á di ọ̀kan, á fi ìkejì wo fẹ́ńdà, á ní, "Ó fi bí irun orí wọlé," yóò sì rí bẹ́ẹ̀. Nílùú òyìnbó, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á gbowó ìwòye, wọ́n á wá sọ fún yín pé kí ẹ ra tuntun.

Ẹ má fojú di ìran wọn o. Láti ìgbà tí W. A. Dawodu ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó ń ta mọ́tò l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ni òòlù ti ń dún nílùú yìí. Káfíńtà kan igi mọ́ lọ́rì, ó di bọ̀lẹ̀kájà. Igi kì í dógùn-ún, ikán ló máa ń bá a ṣe àríyá. Ìgbà tó kan àwọn onírin, wọ́n jó bọ́dì mólùé lé orí ẹsẹ̀ Mercedes 911, wọ́n sì jẹ́ kí etí páànù ẹ̀ mú débi pé ẹni tó wọ agbádá wọlé ní Ọ̀ṣòdì, dàńṣíkí ló máa wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní CMS.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ó bọ́ nǹkan. Ẹ̀yọ̀ ní kí ẹ bọ́ bàtà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ẹ bọ́ bọ́ńpà, ẹ bọ́ iná, ẹ bọ́ táyà, ẹ bọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ máa dúpẹ́ pé kò tíì ní kí ẹ bọ́ ṣòkòtò. Fẹ́ńdà iwájú ò ní wàhálà púpọ̀: nọ́ọ̀tì ló dè é mú. Bó bá ti jẹrà jù, ẹ tú u, ẹ ra òmíràn ní ọjà Ládìípọ̀, ẹ dè é padà. Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975, fẹ́ńdà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè, ẹ lè tú ọ̀kan kí ẹ̀wà tó jiná. Ti ẹ̀yìn lára mọ́tò òde òní ni ẹjọ́: ó ti lẹ̀ mọ́ bọ́dì, àfi kí wọ́n gé e. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá sì ti tú, ó ti di ìtàn. Ẹ gbé mọ́tò onínọ́ọ̀tì 10 wá, ẹ gbé onínọ́ọ̀tì 6 àti okùn lọ. Bí ẹ bá béèrè mẹ́rin tó kù, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, "Àṣejù làwọn ará Japan fi sí i."

Síbẹ̀, bí ẹ bá gbà fún un, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Á kọ́kọ́ mú sukudiráfà, á máa fi gún ibi tó wú. Ibi tó gún tí kò rì, irin ni. Ibi tó gún tó wọlé fẹẹrẹ, tí ìpẹtà dà sílẹ̀ bí gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ má bá a jiyàn mọ́. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ìlà ọ̀hún á gba inú irin tó ṣì le, torí bó bá gba etí ìpẹtà, ẹ ó tún padà wá. Lẹ́yìn náà ni ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù á wá dún, tí àlejò tó ń kọjá á rò pé gbẹ̀du ni wọ́n ń lù ní Ìgà Ìdúngànràn. Á gé páálí, á fi wọn ihò. Páálí Indomie ló ń lò. Ó ní òun ò rí èyí tó dà bí ẹ̀. Ìwọ̀n páálí yẹn ló máa gbé lé páànù tuntun tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ, á gé e, á gbé e lé orí páìpù, á máa gbá a jẹ́jẹ́ títí yóò fi ká bí orí táyà ṣe ká. Jẹ́jẹ́ ni o. Páànù tí wọ́n bá lù jù, ńṣe ló máa ń nà, á wá tóbi ju àyè ẹ̀ lọ, á sì máa pariwo kábá-kábá bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ó wá kan jíjó. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í jó o lọ gbọnrangandan. Á kàn án lókè, á kàn án nísàlẹ̀, á kàn án lọ́tùn-ún, á jẹ́ kó tutù, kí iná má baà ká a kò. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú lọ wo bọ́ọ̀lù ló máa ń jó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fẹ́ńdà á jó lóòótọ́, á jó fùjì, ìdí á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fi páànù òrùlé pa á. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Síǹkì ló wà lára páànù yẹn, bí iná bá kàn án, èéfín ẹ̀ á dá ibà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Á mì, á gbọ̀n, á ra oògùn ibà, á bú ẹ̀fọn Òkè-Pópó. Ẹ̀fọn ò mọwọ́, ẹ̀fọn ò mẹsẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé káábáìdì. Ọmọ iṣẹ́ á dà á sómi nínú dúrọ́ọ̀mù, á máa hó, gáàsì ẹ̀ á gba rọ́bà lọ bá ọ́síjìn, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò rántí orúkọ yẹn níbòmíràn? Káábáìdì yìí kan náà làwọn kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n tipátipá, tí NAFDAC ń fi gbogbo ẹnu kìlọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ẹbí ni ẹ kó sínú mọ́tò yẹn. Méjèèjì ń dán lóde. Inú ọ̀kan ò pọ́n, inú ìkejì ti pọ́n jù.

Ṣé ẹ̀yin gan-an tiẹ̀ fẹ́ kó gé e? Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ nìyí:

"Àlàájì, ẹ jẹ́ ká gé e."

"Gé kí ni? Fi bọ́dì fílà dí i fún mi, jàre."

"Á tún wú o, Àlàájì."

"Nígbà wo?"

"Bí òjò bá rọ̀ dáadáa."

"Màá ti tà á nígbà yẹn."

Ẹ wá jókòó síbẹ̀, ẹ máa bú Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ta ló pa á láṣẹ? Ta ló ní òun gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò lọ sí òde ìyàwó ní Campos lọ́jọ́ Sátidé? Bọ́dì fílà tó yẹ kó fẹ́lẹ́ bí àtíkè lórí irin, ẹ ní kó rọ ọ́ sí ojú ihò bí ẹ̀kọ. Ọmọ iṣẹ́ á fi sáńpépà ha á láti àárọ̀ dalẹ́, ojú ẹ̀ á funfun bí Ẹ̀yọ̀ Adímú, ọ̀pá nìkan ni kò ní mú dání. Ẹ sì mọ̀ dáadáa pé fìlà kì í wo pá. Ẹ̀yin tí ẹ fi abetí-ajá bo pá orí, ẹ tún wá ń fi fílà bo pá mọ́tò. Ó ṣáà sàn díẹ̀, pá orí yín kì í wú nígbà òjò.

Ti mọ́tò á wú. Omi á gba ẹ̀yìn wọlé, ìpẹtà á máa bá oúnjẹ ẹ̀ lọ lábẹ́ fílà, ọ̀dà á yọ kókó kókó. Ní ọjọ́ tó bá máa já, kì í já ní wẹ́wẹ́. Odindi ló ń já, ní ojúde ọba, níbi tí èrò pọ̀ sí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan á sì gbé e lé èjìká, á máa sáré tẹ̀ lé yín: "Bàbá! Bàbá! Ẹ dúró, ara yín bọ́ sílẹ̀!" Yóò tún gba owó alábàárù lọ́wọ́ yín.

Mi ò fẹ́ sọ ti pẹ́ńtà púpọ̀. Ó po àwọ̀ pọ̀ nínú agolo tòmátò, ó ní bó bá gbẹ, á bá ìyókù mu. Ó ti gbẹ. Orí mọ́tò jẹ́ eérú, ilẹ̀kùn jẹ́ fàdákà, fẹ́ńdà jẹ́ ojú ọ̀run tó ṣú. Pẹ́ńtà ní oòrùn ló fà á, ẹ gbé e bọ́ sí ibòji. Ẹ gbé e sí ibòji. Ó di àwọ̀ mẹ́rin.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ irú àwọn ọmọlúàbí báyìí, ẹ tú òòfà ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi àkísà wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ máa fi kan fẹ́ńdà lọ yípo, pàápàá orí táyà ẹ̀yìn. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, irin ni. Ibi tó bá ti já bọ́, fílà ni. (Bí wọ́n bá ní alumíníọ̀mù ni, ẹ béèrè ìgbà tí Camry di bàálù.) Ẹ̀gbọ́n tó ń tà á á dúró tì yín, á máa wo òòfà bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú ò ní tì í. Á bẹ̀rẹ̀, á he é, á fẹ́ yẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ dànù, á yí i síwá sẹ́yìn, á wá mirí tàánútàánú.

"Háà, Àlàájì, wọ́n mà ti ta ayédèrú òòfà fún yín."