Gẹ̀ẹ́sì Mi Dáa Jù

Sátidé méjì sẹ́yìn ni, ojú ṣì ń tì mí. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Leeds ló mú ìyàwó òyìnbó wálé, a sì gba gbọ̀ngàn kan ní Súrùlérè, nítòsí Ojúẹlẹ́gbà. MC tí a sanwó fún há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ìwọ náà ṣáà kàwé ní Akọka. Gba máìkì." Mo gbà á.

Àwọn ará ilé ìyàwó, òyìnbó mọ́kànlá, ló wà níwájú pátápátá. A ti wé gèlè fún àwọn obìnrin wọn, a sì ti dé fìlà fún bàbá ìyàwó. Bàbá yìí ni kí ẹ máa ṣọ́ o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ òyìnbó ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Mo kọ́kọ́ kígbe pé, "Our wife is too beautiful!" Àwọn tiwa hó yèè. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n na etí sí mi bí ẹni tó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyìn ni wọ́n fẹ́ kí n fi kún un. Ìyàwó wa sì ga fíofío lóòótọ́, mo bá ní, "And she is too tall!" Ìyá ìyàwó wolẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ọmọ wọn. Mo wá kọjú sí gbogbo ẹbí náà, mo gbé ọwọ́ lé àyà: "You people are too good for us." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé àna rere ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé irú wa kọ́ ló yẹ kí wọ́n fọmọ fún, pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, wọ́n ṣì lè mú un padà sílé.

Ó yẹ kí n jókòó. N kò jókòó. "Our son is too happy to marry her!"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ tábìlì iwájú lẹ́nu. Bàbá ìyàwó na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Èmi náà, pẹ̀lú ẹ̀rín, mo gbé máìkì sún mọ́ wọn, mo rò pé wọ́n fẹ́ súre ni. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "If he was too happy to marry her, who is that sitting beside my daughter?"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ yé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù, ó ń sún mọ́ iwájú, títí ó fi kan ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí ọkọ ìyàwó. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Onígángan tí mo ti ná lówó lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà tún wá dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ìlù sọ ọ́: too, too, too.

Mo ní kí n fi oúnjẹ bò ó mọ́lẹ̀. "Let us eat! The jollof is too sweet!" Bàbá ìyàwó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyàwó wọn fa àwo kúrò níwájú wọn kíá. Mo sáré tún un ṣe: "No sugar, ma! It is only pepper, and the pepper is not too much." Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "ata ò pọ̀ jù" túmọ̀ sí lẹ́nu wa: ó ta, ṣùgbọ́n o ò ní kú. Àbúrò ìyàwó gbà mí gbọ́, ó bu ṣíbí kan tó kún. Ojú ọmọ náà pupa fòò. Ibi tí mo ti ń fi ìwé ètò fẹ́ ẹ ni MC wọlé sí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Bàbá náà pè mí jókòó. Wọ́n bu máltì sínú ife títí ó fi dé etí rẹ̀, wọ́n ní, "Very full." Wọ́n tún dà á sí i, máltì sì ṣàn sórí aṣọ tábìlì tí a háyà. "Too full." Ohun tó wà nínú "too" nìyẹn: nǹkan ti ré kọjá ààlà, ó sì ti di nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Bí "to" bá tẹ̀ lé e, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ ni "to" yẹn máa dárúkọ. Ife kún jù, kò ṣeé gbé. Ọmọ wa yọ̀ jù, kò lè gbéyàwó. Láyé àtijọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "to" àti "too" lédè wọn, kí wọ́n tó kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì para pọ̀ bẹ́ mi lórí.

Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "jù", ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan borí nǹkan: Òjó ga ju Adé lọ. Bó bá dá dúró sí ìparí gbólóhùn, olùgbọ́ ló máa fi òye mọ ohun tí a borí. Iyọ̀ pọ̀ jù, ẹjọ́ ni. Ìwọ yìí dáa jù, ìyìn ni. Ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Inú sì bí mi o, ẹ má rò pé ẹ̀rín nìkan ni. Láti 1843 ni Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ wa fi ń wọlé jáde nílé wọn ní Leeds. Nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Òpópónà Agege Motor Road, níbi tí Kàlàkútà, ilé Fela olórin, wà kí sọ́jà tó dáná sun ún lọ́dún 1977, kò jìnnà sí gbọ̀ngàn náà. Fela ti fi odidi orin kan, "Mr. Grammarticalogylisationalism Is the Boss", yẹ̀yẹ́ irú ìtìjú tó bá mi yìí, èmi sì ń làágùn nítorí "too".

Nígbà tí ayẹyẹ parí, mo gbé kúlà oúnjẹ kan fún bàbá ìyàwó, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "You are too kind."

Mo ní, "Too kind to what, sir?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, pé bí àwọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Fóònù kankan kò sí níta nígbà yẹn. Ti ìgbà tí mo di máìkì mú nìkan ni wọ́n gbà sílẹ̀, ó sì ti dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà lórí fóònù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, kó pa á rẹ́.